Odó kan, ọmọ odó méjì: ta ni oboe lè bá ṣeré?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí oboe nìkan, ohun èlò orin onígi tí wọ́n ń fi ẹnu fọn yẹn, mi ò retí ẹ̀ rárá, inú mi sì dùn gan-an torí ohun tí mo ti ń fọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ojú ìwé yìí dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, ìbéèrè tó kù á dúró di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọmọ mi obìnrin ni mo ṣe ń kọ̀wé, ọmọ ọdún 16 ni. Àbúrò ìyá ẹ̀ tó ń gbé lókè òkun ló fi oboe kan ránṣẹ́ sí i lọ́dún tó kọjá, tíṣà kan sì ń kọ́ ọ lórí fídíò ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀, tàárọ̀ talẹ́ ló ń fọn ọ́n. Ìṣòro wa ni pé gbogbo ibi tí mo ti rí i lórí fóònù, inú ọkẹ́sítírà ni, èèyàn 60, èèyàn 80, Adó-Èkìtì la sì wà, níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn? Ó ti ń sọ pé òun á tà á kóun fi owó ẹ̀ ra saxophone torí ìyẹn ni kọ́yà ń wá. Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kan tàbí méjì ò lè fi oboe ṣe nǹkan gidi? Bàbá Ìbejì, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun sà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má tà á. Saxophone dáa, mi ò bá a jà, àmọ́ kó má jẹ́ torí pé oboe ò ríṣẹ́ ṣe l'Ékìtì ló ṣe máa lọ síbẹ̀. Nínú ọkẹ́sítírà tẹ́ ẹ rí yẹn, oboe méjì tàbí mẹ́ta péré ló wà láàárín gbogbo èrò, ó lè jókòó pẹ́ títí kó máa ka bíìtì lásán kó tó fọn nóòtì mẹ́rin. Àmọ́ tó bá ku òun àtẹnì kan ṣoṣo, kò síbi tó fẹ́ sá sí, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ó ti lé ní 300 ọdún táwọn olórin ti ń kọ orin fún òun àtẹnì kan péré, ọmọ yín ò lè fọn ọ́n tán láyé ẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká yanjú orúkọ, torí mo mọ̀ pé àwọn àgbà inú ilé á ti máa wo ọmọ náà tó bá dárúkọ ẹ̀. Ohùn òkè lẹ fi máa pe sílébù méjèèjì, ẹ má fi ohùn ìsàlẹ̀ kan án rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá, hautbois ni wọ́n pè é, ìyẹn igi tí ohùn ẹ̀ ròkè, nítorí náà ẹni tó fi ohùn òkè pè é, bó ṣe yẹ ló pè é.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ kó yé yín dáadáa, òun ni gbogbo ìdáhùn mi dá lé. Ọ̀rọ̀ èémí ni. Ẹ ní kí ọmọ yín mú reed ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń fi sẹ́nu fọn, wá kẹ́ ẹ wò ó. Abala méjì ni, wọ́n gé e lára koríko gíga kan tó jọ eèsún tiwa, èyí tí wọ́n ń wá jù ń hù ní Var nísàlẹ̀ ilẹ̀ Faransé, wọ́n há a títí ó fi fẹ́lẹ́ ju èékánná lọ, wọ́n wá fi òwú dì í mọ́ ọ̀pá irin kékeré kan. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ lókè, bí ojú ẹni tó ń tòògbé ló rí, ó la díẹ̀, ó pa díẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èémí èèyàn fẹ́ gbà kọjá. Ẹni tó ń fọn fèrè tàbí saxophone, èémí máa ń tán nínú ẹ̀. Ti oboe kì í tán, ṣe ló máa ń há sí i láyà tá á sì bà jẹ́ síbẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ tú èyí tó bà jẹ́ jáde kó tó lè fa tuntun. Ẹ dán an wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí: ẹ fa èémí kún àyà, ẹ dì í mú, ẹ kà á dé 20, ẹ má tú u, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú àti fa òmíì lé e. Bó ṣe ń ṣe ọmọ yín nìyẹn tó bá dé ìdajì ojú ìwé.

Nítorí náà ẹni tó bá máa bá oboe ṣeré, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ní ni pé kó fún un láyè mí.

Mi ò ní kọ́ ọmọ Èkìtì ní iyán gígún, àmọ́ ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí èèyàn méjì bá ń gún un nínú odó kan ṣoṣo. Ìyá mi àti ìyàwó àbúrò bàbá mi ló máa ń gún un lẹ́yìnkùlé wa, bí ọmọ odó tẹnì kan bá ń sọ̀ kalẹ̀, tẹnì kejì ti wà lókè, wọn ò ka iye, wọn ò wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ lọ. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n tí mò ń bu omi sí i, apá wọn ni mo máa ń wò, mo wá rí i pé ìgbà tí ọmọ odó bá wà lókè yẹn gan-an ni wọ́n ń mí. Tí ọ̀kan bá sáré jù, igi á gbá igi. Tó bá fà sẹ́yìn jù, iyán á tutù, á ní kókó. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹni méjì ṣe orin nìyẹn, kí n tó fojú kan oboe rárá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá fún un ni ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, torí ibẹ̀ ni orin pọ̀ sí jù, oboe àti dùrù. Kó fi Handel bẹ̀rẹ̀, Handel tẹ́ ẹ mọ̀ nídìí Hallelujah Chorus yẹn náà. Ó kọ sonata, ìyẹn orin alápá mélòó kan tí kò ní ọ̀rọ̀, fún oboe, èyí tó wà ní C minor, HWV 366 ni nọ́ńbà ẹ̀, Largo ló fi bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń lọ, kò sí kò-sí-bí-mo-ṣe-fẹ́-ṣe-é níbẹ̀. Ohun tí Handel kọ fún ẹni tó wà nídìí dùrù kò ju ohùn ìsàlẹ̀ àti àwọn nọ́ńbà lọ, ẹni náà ló máa fi ohùn tó kù kún un, irú iṣẹ́ táwọn ọmọ kíbọ́ọ̀dù wa ń ṣe lójoojúmọ́ tí ẹnì kan bá dá orin sílẹ̀ láìsọ kíì. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ.

Tó bá ti gbóná díẹ̀, kó lọ sí sonata ti Saint-Saëns, olórin ará Faransé. 1921 ló kọ ọ́, ọmọ ọdún 85 ni nígbà yẹn, ọdún yẹn náà ló sì kú ní ìlú Algiers. Ẹ ní kó ṣí apá kejì fún yín. Dùrù á tẹ kọ́ọ̀dù kan, á dì í mú, á dákẹ́ máa wò ó, oboe á wá máa sọ tiẹ̀ lọ bó ṣe wù ú, kò sí bíìtì tó ń lé e, ó lè yára, ó lè falẹ̀, ó lè dúró mí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyá àgbà tó ń dá alámọ̀ lójú agbo, tí àwọn tó ń gbè é dúró dè é títí tó fi parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, kò ní ṣàjèjì sí i rárá.

Schumann, olórin ará Jámánì, ńkọ́? Gbogbo èèyàn á ní kó fọn Schumann, àwọn Romance mẹ́ta, opus 94, tó kọ lóṣù Kejìlá 1849 tó sì fi ta Clara ìyàwó ẹ̀ lọ́rẹ Kérésìmesì, Clara náà sì rèé, àgbà nínú àwọn tó ń tẹ dùrù. Orin yẹn dùn, mi ò lè parọ́, àwọn ìgbà kan wà tí mo fọn ọ́n tí omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ibi tí oboe ti lè gbé ẹnu kúrò níbẹ̀ ò tó nǹkan, gbólóhùn kan ń wọ inú òmíì ni, kó tó dé òpin, orí èèyàn á máa fò lọ. Ọdún méjì sí mẹ́ta sí i ni kó tó gbé e, kó sì wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn díẹ̀ ní òpin ìlà kí ẹnì kejì lè rí èémí gbà. Sonata ti Poulenc ará Faransé náà, kó fi sílẹ̀ di ìgbà tó bá dàgbà. 1962 ló kọ ọ́, ní ìrántí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Prokofiev, olórin ará Rọ́ṣíà tó ti kú, òun náà sì kú ní oṣù kìíní 1963 kí wọ́n tó ṣe é níwájú èrò. Apá tó fi parí ẹ̀, ẹkún òkú ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, kò sáré parí bíi ti ọ̀pọ̀ sonata.

Nǹkan kan wà tí mo ní láti kìlọ̀ fún yín nípa kíbọ́ọ̀dù. Nínú ọkẹ́sítírà, oboe ló ń fún gbogbo èèyàn ní nóòtì A tí wọ́n máa fi tún ohùn ṣe, fayolin, fèrè, gbogbo wọn á wá bá a. Tó bá dé ọ̀dọ̀ dùrù, ọ̀rọ̀ yí padà, dùrù ò lè sún, oboe ló máa lọ bá a. Lọ́dún kan, mo lọ fọn níbi ìgbéyàwó kan ní Ìyìn-Èkìtì, èmi àti ọmọkùnrin kan tó mọ kíbọ́ọ̀dù bí ẹní mowó, a ti fi dánra wò lẹ́ẹ̀mejì nílé, gbogbo ẹ̀ lọ geere. Nígbà tó di ọjọ́ náà, ìyàwó ń wọlé bọ̀, a bẹ̀rẹ̀, ṣe ni ohùn wa ń gún ara wọn lójú. Mo rò pé reed mi ni, mo tì í wọlé, mo fà á jáde, kò yí padà. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé fún un dípò tiẹ̀, ẹni tó lò ó kẹ́yìn sì ti tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń sún gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù, sókè ẹyọ kan kò sì dá a padà. Ìyàwó ti dé iwájú kó tó rí i. Látọjọ́ náà, kí n tó fi reed sẹ́nu, mo máa ń ní kí ẹni tá a jọ wà tẹ A fún mi kí n fi fóònù wò ó bóyá 440, ìwọ̀n A tó péye, ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí kò bá sí dùrù, jìtá ńkọ́? Jìtá pọ̀ ní Adó ju omi lọ. Ará Faransé kan, Napoléon Coste, tí wọ́n bí ní 1805, kọ orin fún oboe àti jìtá, Le Montagnard lorúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohùn jìtá tí wọn ò fi iná sí kéré, oboe sì ń ké, pàápàá nísàlẹ̀ pátápátá níbi B flat àti C yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè rọra fọn ibẹ̀ tí kò ní dún bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kí wọ́n yan orin tó wà láàárín sókè, kí wọ́n sì gbé máìkì sún mọ́ jìtá.

Fèrè náà wà. Ginastera, ọmọ Ajẹntínà, kọ Duo kan fún fèrè àti oboe ní 1945, apá mẹ́ta ni, ó sì fi fuga parí ẹ̀, ọ̀kan á dá a sílẹ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu ẹ̀. Mo fẹ́ràn eléyìí gan-an torí àwọn méjèèjì ló ń mí, kò sí dùrù tó máa bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, ìgbà tí ọ̀kan bá sinmi ni èkejì ń sọ̀rọ̀, iyán gígún pọ́ńbélé ni. Ti oboe àti bassoon, fèrè gígùn tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀, wà, Villa-Lobos ará Bràsíìlì kọ ọ́ ní 1957. Ti háàpù náà wà, Heinz Holliger ará Switzerland tí wọ́n bí ní 1939 àti Ursula ìyàwó ẹ̀, oboe lọ́wọ́ ọkọ, háàpù lọ́wọ́ ìyàwó, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é pa pọ̀, ẹ wá wọn lórí YouTube kí ọmọ yín rí i bí ẹni méjì ṣe ń gbọ́ ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, onílù ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, gángan àti ìyáàlù ni mò ń lù. Mo gbọ́ oboe nínú fíìmù kan, ó ṣe mí bíi pé algaita àwọn Hausa ni mò ń gbọ́. Ṣé ọmọ ìyá ni wọ́n? Ṣé mo sì lè bá a lù? Ọmọ Àyàn, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Etí ẹ dáa, Ọmọ Àyàn. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Algaita náà, reed alábala méjì ló ní, inú igi ẹ̀ sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ bíi ti oboe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ti èémí náà ni: ẹni tó ń fọn algaita á kó afẹ́fẹ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í jáde bó ṣe ń fi imú fa òmíì wọlé, ìdí tí kì í fi dánu dúró níwájú ọba nìyẹn. Àwọn tó ń fọn oboe náà wà tó mọ̀ ọ́n ṣe, Holliger tí mo dárúkọ lókè yẹn wà lára wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò ṣe é. Igi tí wọ́n fi ń ṣe oboe gan-an, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń wá jù, Tanzania àti Mozambique, igi dúdú kan tó wúwo tó ń rì sómi.

Ní ti ìlù, bẹ́ẹ̀ ni, o lè bá a lù, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Akin Euba, olórin ọmọ Yorùbá, ti fọ̀nà hàn wá láti 1963, ó kọ Igi Nlá Só fún dùrù àti ìlù Yorùbá, nítorí náà kì í ṣe ohun tẹ́nì kan á ní kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo rò ni pé oboe tiẹ̀ sún mọ́ dùndún ju dùrù lọ, torí ẹni tó ń fọn ọ́n lè fi ètè tẹ ohùn wálẹ̀ díẹ̀ tàbí kó tì í sókè, bó o ṣe ń fi ọwọ́ fún ọṣán ìlù. Ẹ má kọ́kọ́ wá ìwé orin. Ìwọ fi ìyáàlù sọ "ẹ kú ilé", re mi re mi, kí oboe dá ẹ lóhùn pẹ̀lú ohùn kan náà, o tún sọ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, oríkì ìlú yín tàbí orúkọ bàbá ẹ, kó máa tẹ̀ lé ẹ. Má lù ú bo ẹ̀ mọ́lẹ̀ o. Níbi tó bá ti parí gbólóhùn, jẹ́ kí ọwọ́ ẹ kéré, kó rí àyè tú èémí. Inú yàrá ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ìta gbangba, kó o fi ọwọ́ lù ú dípò ọ̀pá fún ìgbà díẹ̀, kó o lè gbọ́ ọ. Bàbá Ìbejì tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ò ju ìrìn díẹ̀ lọ, tí àwọn méjèèjì bá fẹ́, kí wọ́n kọ̀wé sí mi, màá so wọ́n pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sopráno ni mò ń kọ ní kọ́yà wa. Àgùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá síbí ní oboe, ó sì mọ̀ ọ́n fọn. A fẹ́ ṣe nǹkan fún Kérésìmesì, àmọ́ iná ò sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì jẹ́ ká gbọ́ kíbọ́ọ̀dù dáadáa. Ṣé orin wà fún ohùn èèyàn àti oboe nìkan? Arábìnrin olórin, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ó wà, àbúrò mi, ó sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù. Vaughan Williams, àgbà olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ Ten Blake Songs ní 1957, ọdún kan kó tó kú, ohùn kan àti oboe kan ni, kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mẹ́ta wà tí oboe dákẹ́ pátápátá níbẹ̀ tí ohùn ń dá a lọ. Ibẹ̀ ni kó o kíyè sí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń lo èémí, ìwọ, tìẹ á máa tán, òun, tiẹ̀ á máa kún, ibi tí ìwọ ti fẹ́ mí àti ibi tí òun ti fẹ́ mí ò lè bára mu láéláé. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ jókòó ti ara yín, kí oníkálùkù fi àmì sí ibi tó ti máa mí, kẹ́ ẹ wá rí i pé kò síbi tí àmì méjèèjì ti bọ́ sí ojú kan náà, àfi níbi tí orin fúnra ẹ̀ bá ti dákẹ́.

Tí ìyẹn bá le jù kó tó di Kérésìmesì, ẹ mú orin ìyìn tí gbogbo ìjọ mọ̀. Ìwọ kọ ẹsẹ kìíní, kí oboe máa di nóòtì kan mú nísàlẹ̀ ohùn ẹ, kẹ́sẹ kejì jẹ́ ti oboe nìkan, kẹ́ ẹ jọ kọ ẹ̀kẹta, kó máa dá ẹ lóhùn ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọyẹ́, torí Kérésìmesì lẹ wí. Tó bá jẹ́ onígi ni oboe ẹ̀ tí kì í ṣe oníke, kó ṣọ́ra, ọyẹ́ máa ń la igi yẹn, àárọ̀ kùtùkùtù tí igi tutù téèyàn sì fẹ́ èémí gbígbóná sí i lójijì ló burú jù. Kó kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ apá fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó fọn ọ́n, kó fi aṣọ nù ún nínú tó bá parí, kó fi kànìnkànìn tó tutù díẹ̀ sínú ike tí wọ́n dá ihò sí lára kó sì gbé e sínú àpótí ẹ̀. Reed náà, kó rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kó fi sẹ́nu láìtíì fi sára oboe, kó fọn ọ́n. Tó bá ń ké bí ẹyẹ ìwò, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń sín tàbí tó dákẹ́, kó mú òmíì. Mẹ́ta ni kó mú dání lọ́jọ́ náà.